Ta ni wọ́n kọ́ láíbìrì fún?

Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ ṣe fídíò kan nípa bí Ìdímù ṣe kúrò ní abúlé tó wá di ibi tí dáńfó àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá ti ń bára wọn du ọ̀nà. Mo ní mi ò ní kàn máa tún ohun tí Google sọ sọ, màá lọ ka ìwé gidi. Mo wọ kọ̀rọ̀pẹ́ ní Council, mo tún wọ mọ́tò kejì, mo dé ẹnu ọ̀nà láíbìrì yunifásítì kan. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má wulẹ̀ bi mí nínú DM.

Bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní kí n mú ID card wá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti gboyè jáde, ìwádìí ni mo wá ṣe." Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Àǹtí, ṣebí o ti parí ilé ìwé, kí lo tún fẹ́ kà?"

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Inú mọ́tò tó ń gbé mi padà sí Ìkọ̀tún ni inú ti wá ń bí mi.

Fídíò Ìdímù yẹn, mi ò ṣe é mọ́. Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo ń lé kiri látọjọ́ náà. Torí tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ìbéèrè ńlá ló wà nídìí ẹ̀: ta gan-an ni wọ́n kọ́ láíbìrì fún nílẹ̀ yìí? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni? Àbí ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kà nìkan? Mo wá rí i pé àwọn kan ti béèrè ṣáájú mi, wọ́n sì ti wá ìdáhùn dé àyè kan. Obìnrin méjì wà nínú wọn tó yẹ kí gbogbo wa mọ orúkọ wọn, àmọ́ ẹnì kankan ò kọ́ mi ní orúkọ wọn nílé ìwé.

Ẹ gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ o. Tíréédì yìí gùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ l'Èkó, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Henry Carr. Wọ́n bí i ní 1863, ìdílé Sàró ló ti wá, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó gba Sierra Leone padà wálé lẹ́yìn oko ẹrú. Ó kàwé ní Fourah Bay College ní Freetown, ó padà sí Èkó, ó di ọ̀gá nínú àwọn tó ń bẹ ilé ìwé wò, ó sì ga títí tó fi di Resident ti Colony Èkó ní 1918. Nígbà yẹn, ipò báyẹn kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú.

Kí ni bàbá yìí ń fi owó ṣe? Ìwé ló ń rà. Ọkọ̀ ojú omi á dé láti ìlú òyìnbó, ìwé Carr á wà nínú ẹrù. Nígbà tó fi máa kú ní 1945, ìwé inú ilé ẹ̀ tó nǹkan bí 18,000.

Ẹ dìde kẹ́ ẹ ka ìwé tó wà nílé yín. Èmi ka tiwa: 63. Mo ti ka Bíbélì mẹ́rin àti past question JAMB mọ́ ọn o.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Èkó díẹ̀ á mọ̀ pé Carr àti Herbert Macaulay ò fẹ́ràn ara wọn rárá. Ọdún kan péré ni Carr fi ju Macaulay lọ, ìlú kan náà ni wọ́n dàgbà sí, Sàró ni ìdílé àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ibi tí kálukú kọjú sí. Carr ń bá ìjọba òyìnbó ṣiṣẹ́, Macaulay ń bá ìjọba òyìnbó jà. Ní 1924, Macaulay gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, ó pè é ní Henry Carr Must Go. Tẹ́ ẹ bá rò pé Twitter ló kọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà bí wọ́n ṣe ń fa èèyàn ya, ẹ bi àwọn bàbá wa.

Macaulay náà kú ní 1946. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ìtàn yìí yí sí. Ìjọba ra ìwé Carr, wọ́n sì gbé e fún University College tó bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1948. Ó wà lára ohun tí láíbìrì ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé àti lẹ́tà Macaulay náà, Ìbàdàn ló gbà lọ. Kenneth Dike Library ni wọ́n ń pe ibẹ̀ báyìí. Bàbá méjì tí wọn ò lè jókòó sórí tábìlì kan l'Èkó, ìwé wọn ti ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà n'Ìbàdàn láti ọdún yìí wá.

Mi ò bá Ìbàdàn jà o. Tí wọn ò bá gbé ìwé yẹn, a lè ti fi í pọ́n àkàrà tipẹ́. Ohun tí mo ń wò ni pé ìwé tí ọmọ Èkó kan fi gbogbo ayé ẹ̀ kó jọ wọ inú ọgbà yunifásítì lọ. Ẹni tó ní ìdí ẹ̀kọ́ tó lè fihàn lẹ́nu ọ̀nà ló ń rí i. Ará Ìdúmọ̀tà tí ń ta bàtà, kò kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ béèrè pé kí ni ará Èkó tí kò lówó bíi Carr ń kà nígbà yẹn, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ Andrew Carnegie rí. Ọmọ ahunṣọ láti Scotland ni, iṣẹ́ irin ló sọ ọ́ di olówó l'Amẹ́ríkà. Owó ẹ̀ ló kọ́ láíbìrì tó lé ní 2,500 káàkiri ayé, kí ọmọ tálákà lè wọlé kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn tó kú, àjọ tó dá sílẹ̀, Carnegie Corporation, fún Èkó náà lówó, wọ́n sì fi ṣí Lagos Library ní 1932.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Lagos Library kì í ṣe láíbìrì gbogbo ará Èkó. Èèyàn gbọ́dọ̀ sanwó kó tó di ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ ló sì lè yá ìwé, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Owó bàbá kan náà tó ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ òṣìṣẹ́ ní Scotland, nígbà tó fi máa dé Marina, ó ti di owó ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi.

Ọdún 1946 ni Lagos Town Council àti British Council jọ ṣí láíbìrì fún ará ìlú. Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó láti 1861. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ọdún 85.

Lẹ́yìn ogun Hitler ni ọ̀rọ̀ láíbìrì wá di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Ní 1949, UNESCO gbé ìwé kan jáde tó sọ pé láíbìrì ará ìlú jẹ́ ẹ̀tọ́, pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, àtọmọdé àtàgbà, olówó àti mẹ̀kúnnù. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1953, wọ́n wá ṣe ìpàdé ńlá lé e lórí n'Ìbàdàn, láti ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí láíbìrì ará ìlú ṣe máa gbilẹ̀ ní Áfíríkà ni wọ́n jókòó lé. Irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní Áfíríkà. Ìbàdàn wa yìí náà ni o, ìlú tí ẹ fi ń ṣe àwàdà òrùlé tó dípẹtà.

Lára ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé kí ìjọba má fi láíbìrì ṣe àánú, kí wọ́n fi òfin gbé e dúró, kó ní owó tirẹ̀ lọ́dọọdún.

Ìjọba Ìlà Oòrùn gbọ́. Wọ́n ṣòfin láíbìrì ní 1955, UNESCO ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ṣí ilé ìkàwé ńlá sí Enugu ní 1959. Ọ̀gbẹ́ni Kalu Okorie ló darí ẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ní ọdún 1955 yẹn kan náà, ní January 17, Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹ mọ ohun tó ṣe fún wa, mi ò ní máa sọ ọ́. Ìyá ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọlé ní ọdún yẹn, wọ́n ṣì máa ń sọ bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ kan etí òdì kejì kí wọ́n tó gbà wọ́n sílé ìwé. Àmọ́ láíbìrì, abẹ́ Ministry of Education ló wà lọ́dọ̀ tiwa, kò ní òfin àti bọ́ọ̀dù tirẹ̀ bíi ti Enugu nígbà náà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fẹ́ já mi ní kókó lórí èyí. Mi ò bú Awólọ́wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, Màmá àgbà wà láàyè, wọ́n sì ní ọmọ ọmọ tó ń ka tíréédì fún wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ láti mọ̀wé kà, a ò sì pèsè ibi tí wọ́n á ti máa kà á lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Màmá àgbà fi ìwé mẹ́fà sílẹ̀, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Mo bi wọ́n pé ìwé wo ni wọ́n tún kà lẹ́yìn ilé ìwé. Wọ́n ní, "Ìwé orin." Ìyẹn ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Báyìí ni ìwé kíkà ṣe di ohun tí èèyàn ń ṣe kó lè yege ìdánwò. Àwọn olùkọ́ tó ń ṣèwádìí nípa láíbìrì ní Nàìjíríà ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tó pọ̀ jù nínú láíbìrì ìjọba ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, ìwé tó gbé wá látilé ló sì ń kà. Àga, tábìlì àti iná ló wá wá. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, torí èmi nìyẹn. Nígbà tí mò ń múra JAMB, kíláàsì ọmọdé kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní àdúgbò wa ni láíbìrì mi. Àwa mọ́kànlá la jọ ń dá owó epo jẹnẹrétọ̀. Orúnkún mi ń kan tábìlì torí àga ọmọ ọdún márùn-ún ni.

Nítorí náà, bàbá ẹnu ọ̀nà yẹn ò ṣe mí níkà. Ohun tí ìtàn kọ́ wọn ni wọ́n sọ. Tó o bá ti yege, kí lo tún fẹ́ kà?

Ó ku àwọn obìnrin méjì tí mo ṣèlérí.

Àkọ́kọ́ ni Felicia Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ. Wọ́n bí wọn ní 1926, Banjo ni orúkọ bàbá wọn. (Victor Banjo, ọ̀gágun tí ẹ ń kà nípa ẹ̀ nínú ìtàn ogun Biafra, àbúrò wọn ni.) Queen's College l'Èkó ni wọ́n lọ, lẹ́yìn náà Yaba Higher College, níbi tó jẹ́ pé àwọn nìkan ni obìnrin láàárín gbogbo ọkùnrin. Wọ́n lọ sí Newnham College ní Cambridge, wọ́n sì gboyè nínú Geography ní 1952. Kò sí obìnrin ọmọ Nàìjíríà tó tíì gboyè ní Cambridge ṣáájú wọn. Wọ́n tún lọ kọ́ iṣẹ́ láíbìrì ní Simmons College ní Boston, wọ́n wá ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ náà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1973 wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n. Obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà nìyẹn.

Ẹ tún un kà. Obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní gbogbo Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ láíbìrì ló fi dé ibẹ̀. Kí í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn, kí í ṣe òfin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ fún ọmọ tí JAMB fún ní Library Science pé "ìyẹn náà ń jẹ́ course", ẹ wá síbí ẹ wá tọrọ àforíjì.

Àmọ́ ipò wọn kọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Abadina ni. Abadina ni àdúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ń gbé nínú ọgbà UI: àwọn awakọ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń jíṣẹ́ láti ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì. Láíbìrì tó ní ìwé Henry Carr nínú ò jìnnà sí wọn, àmọ́ kò sí ohun tó kan ọmọ wọn níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnṣẹ̀yẹ dá láíbìrì ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina, òun ló wá di Abadina Media Resource Centre. Ìwé wà níbẹ̀, àwòrán wà, ohun tí ọmọ lè gbọ́ àti ohun tó lè fọwọ́ kàn náà wà. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń wo bí ọmọdé ṣe ń lo láíbìrì ní ti gidi, kì í ṣe bí ìwé òyìnbó ṣe ní kó máa lò ó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló jókòó yẹn o, ó lè kàn máa kọ bébà kó sì máa wọ bàálù lọ sípàdé. Ọmọ agbálẹ̀ ló lọ kọ́ láíbìrì fún.

Obìnrin kejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bímpé Aboyadé, àwọn náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ láíbìrì n'Ìbàdàn. Ìbéèrè tiwọn tún le ju ti Abadina lọ. Ògúnṣẹ̀yẹ béèrè pé báwo la ṣe máa mú láíbìrì dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń kọ́ ìwé kà. Aboyadé béèrè pé ẹni tí kò mọ̀wé kà rárá ńkọ́, ṣé láíbìrì wúlò fún un?

Tẹ́ ẹ bá bi èmi ní ọdún méjì sẹ́yìn, màá ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Ó dà bí kéèyàn béèrè bóyá ilé ìrun wúlò fún apárí.

Àmọ́ wọn ò fi ẹnu lásán dáhùn. Wọ́n lọ sí abúlé, wọ́n dán an wò láàárín àwọn tí kò mọ̀wé kà, wọ́n sì tẹ àbájáde ẹ̀ jáde ní 1984 nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ láíbìrì tó ń jẹ́ Libri. Ohun tó hàn ni pé ará abúlé ní ìbéèrè tó pọ̀: ọ̀rọ̀ omi, ọ̀nà, ìlera, oko, owó yíyá, ohun tí ìjọba ń sọ àti ohun tí ìjọba ò ṣe. Ohun tí wọn ò ní ni ẹni tó máa gba ìbéèrè náà lọ síbi tí ìdáhùn wà, kó sì gbé e padà wá ní èdè tí wọ́n gbọ́. Iṣẹ́ láíbìrì nìyẹn. Ohùn ẹnu lè ṣe é, kò pọn dandan kó jẹ́ ìwé.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí ibẹ̀ yẹn fi bà mí lọ́kàn jẹ́.

Màmá mi ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Ìkọ̀tún. Wọ́n ń ka Bíbélì Yorùbá, wọ́n ń fi ìka tọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, rárá. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní kí n bá wọn ka bébà tó wà nínú páálí ẹ̀. Fídíò ni mò ń yà lọ́wọ́, mo ní, "Mummy, ẹ jẹ́ kí n parí eléyìí." Mo gbàgbé. Wọn ò tún béèrè mọ́. Wọ́n gbé bébà yẹn lọ bá ọmọkùnrin kan tó ní business centre, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń yẹ èsì JAMB wò. Ọmọ yẹn gba 200 náírà, ó wò ó, ó ní kí wọ́n máa lò ó "tí orí bá ti ń fọ́ yín."

Oṣù mẹ́ta ni Màmá mi fi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi Panadol. Ọjọ́ tí wọ́n ṣubú sídìí ìpàtẹ ni mo tó mọ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ara wọn ti yá báyìí.

Mi ò lè dá ọmọ business centre yẹn lẹ́bi tán. Ó gbìyànjú. Èmi tí mo ní dìgírì wà nínú yàrá kejì, mò ń to ring light.

Nígbà tí mo wá ka iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Aboyadé, tí mo rí 1984 lára ẹ̀, mi ò tíì wà láyé nígbà yẹn. Ẹnì kan ti wo irú ìyá mi dáadáa, ó ti ní láíbìrì kan àwọn náà, ó sì ti sọ irú èyí tó yẹ kó jẹ́. Bébà yẹn jókòó sínú láíbìrì tí ìyá mi ò lè wọ̀, ní èdè tí ìyá mi ò lè kà.

Adolphe Amadi ti bínú nípa irú nǹkan yìí ju èmi lọ. Ìwé ẹ̀ jáde ní 1981, orúkọ ẹ̀ nìkan ti tó ìjà: African Libraries: Western Tradition and Colonial Brainwashing. Lójú tiẹ̀, ńṣe la gbé láíbìrì òyìnbó wá odindi, tó ń sin àwọn díẹ̀ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì ka ìmọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn àgbà wa sí nǹkan kan. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀ níbi tó pọ̀. Ibi tí mi ò ti bá a lọ ni pé kì í ṣe òyìnbó ló fipá mú Henry Carr ra ìwé 18,000. Àwọn baba wa fẹ́ràn ìwé, wọ́n sì kó o jọ fúnra wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà lẹ́yìn tí wọ́n kú, àti ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́, ni ìṣòro wa.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ló tún kù. A ní National Library, òfin ẹ̀ jáde ní 1964, Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ńlá tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún un l'Abuja jáde ní 2006. Mo wà ní jẹ́léósimi nígbà yẹn. Mo ti lọ prámárì, mo ti lọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti lọ yunifásítì, mo ti sin ilẹ̀ baba mi ní NYSC. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, nígbà tí aya Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, pé ọdún 65, wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ fún wọn lẹ́bùn ọjọ́ ìbí fi owó náà ran ilé yẹn lọ́wọ́ kí wọ́n lè parí ẹ̀. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ rántí ohun tí wọ́n sọ n'Ìbàdàn ní 1953, pé kí láíbìrì má dúró lórí àánú.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, wọ́n ní àwọn ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, a pọ̀ ju gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó kù l'Èkó lọ. Ẹ dìde láti Council, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkọ̀tún, kẹ́ ẹ máa ka ohun tẹ́ ẹ bá rí lójú ọ̀nà: ilé tẹ́tẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, POS, ilé tẹ́tẹ́, kẹ́mísìtì, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé tẹ́tẹ́. Mo rìn ín lọ́jọ́ Sátidé kan. Ibi tí ẹnì kan lè jókòó kó ka nǹkan láìrà nǹkan kan, mi ò rí i lójú ọ̀nà yẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ ń gbìyànjú o, mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Fu'ad Lawal àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní Archivi.ng ń ya àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 1960 títí dé 2010, kí ẹnikẹ́ni lè rí i lórí fóònù. Ibẹ̀ ni èmi àti ID card ti parí ìjà wa. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì náà ni, Màmá mi ṣì wà níta.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kéré, màá sọ ọ́ torí àwọn kan máa béèrè. Lẹ́yìn tí ara Màmá yá, mo jókòó, mo ka bébà oògùn yẹn láti òkè dé ilẹ̀, mo gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì kan pé kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, mo wá sọ ọ́ ní Yorùbá sínú voice note ìṣẹ́jú mẹ́rin. Màmá fi í ránṣẹ́ sínú WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn olókìrìkà. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Kó tó di alẹ́, voice note 14 ti wọlé. Wọn kì í tẹ̀wé, ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Ìyá kan béèrè bóyá òun lè lo oògùn yẹn pọ̀ mọ́ àgbo. Òmíràn ní báǹkì ń yọ 50 náírà òun, kí ni wọ́n ń fi ṣe. Òmíràn ní ọmọ òun fẹ́ ṣe WAEC, orúkọ tó wà lórí NIN ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé ìwé. Màmá Sikirá, tí mo mọ̀ láti kékeré, ní, "Adé mi, ṣé wọ́n ṣì lè fún ọmọ ọdún mọ́kànlá ní ìwé ẹ̀rí ìbí? Ẹnì kan ti gba 7,000 lọ́wọ́ mi, mi ò rí ìwé."

Mo ti dáhùn mẹ́sàn-án. Ti àgbo, mo ti fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì, kò tíì fèsì. Ti Màmá Sikirá, mi ò mọ̀ ọ́n. Màá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè láti béèrè iye tó jẹ́ gan-an àti ohun tí wọ́n máa mú dání. Màá fi ìdáhùn rẹ̀ sábẹ́ ibí tí mo bá dé.